Ta ni ọ̀gá nínú òkìtì ọ̀gán? Ẹ̀kọ́ àjùmọ̀ṣe fún àwọn àgbẹ̀ Ọ̀tan Ayégbajú

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ òwe méjèèjì yìí rí, àmọ́ ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn mọ òwe, ọ̀tọ̀ ni kó máa fi ṣiṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ìlú àgbẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá lónìí, àgbàlagbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló ń dá kọ ebè, òun náà ló ń dá ro oko kòkó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti gba Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun lọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣe àáró nígbà èwe ti dín kù, àwọn tó ṣẹ́kù kò sì pe ara wọn mọ́. Alágbàṣe ló kù tí wọ́n ń wá kiri, bí owó alágbàṣe kò bá sì sí nílẹ̀, igbó a gba oko mọ́ àgbẹ̀ lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ọ̀tan Ayégbajú gbọ̀ngbọ̀n. Ìlú yìí ni ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ Bólúwadúró ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, níbi tí òun àti àwọn ìlú bíi Ìgbájọ, Ìrèsì àti Èrípa ti jọ ń pín ilẹ̀ olókè kan náà. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ àbáláyé àwọn èèyàn ibẹ̀: kòkó, obì, ọ̀pẹ, iṣu, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́. Ilẹ̀ tó ní òkè kì í sì í ṣe ilẹ̀ tí katakata ń rìn geere lé lórí. Ọkọ́ àti àdá ló ń ṣe iṣẹ́ ibẹ̀, apá èèyàn ló sì ń gbé ọkọ́. Bí apá bá wá dín kù, kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn kan wà lẹ́bàá ọ̀nà oko. Kò sí àgbẹ̀ tí kò mọ òkìtì ọ̀gán, kò sí èyí tí oyin kò lé rí, kò sì sí ẹni tó ń gun igi obì tí èèrà kò tíì ta. Àwọn kòkòrò wọ̀nyí ti ń ṣe àjùmọ̀ṣe láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an ni àwọn onímọ̀ káàkiri àgbáyé ti ń jókòó tì láti bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ohun tí wọ́n rí yóò ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, nítorí ó jọ àáró àtijọ́ ju bí ó ṣe jọ ẹgbẹ́ tó ní alága àti akápò lọ.

Ìyá ikán kì í pàṣẹ

Àgbẹ̀ kì í fẹ́ràn ikán. Ikán ló ń jẹ òpó ilé, òun náà ló ń jẹ iṣu nínú ebè. Ṣùgbọ́n ọ̀tá ẹni a máa kọ́ni lọ́gbọ́n. Òkìtì tí irú ikán ńlá kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Macrotermes ń kọ́ lè ga ju mítà 5 lọ, ìyẹn ni pé ó lè ga ju òrùlé ọ̀pọ̀ ilé lọ. Ikán inú ẹyọ òkìtì kan lè ju mílíọ̀nù kan lọ. Síbẹ̀, afọ́jú ni àwọn òṣìṣẹ́ tó ń kọ́ ọ. Kò sí èyí tó rí àwòrán ilé náà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí bírìkìlà àgbà kan tó dúró tì wọ́n tó ń na ìka.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìyá ikán, ẹni tí ikùn rẹ̀ wú tóbi ju ìka ọwọ́ lọ, ló ń pàṣẹ fún wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Inú yàrá amọ̀ kan ni òun àti ọkọ rẹ̀ ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yé ẹyin, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lóòjọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ló ń bọ́ ọ, àwọn ló ń nù ún lára. Òórùn ara rẹ̀ ń jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó wà láàyè, àmọ́ kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ bu amọ̀ tàbí kó lọ gé koríko.

Báwo wá ni ilé ṣe ń dìde? Ní ọdún 1959, Pierre-Paul Grassé, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, tẹ ohun tó rí jáde lórí bí ikán ṣe ń kọ́lé. Ó ní kì í ṣe ẹnu ikán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ikán ti ń gba iṣẹ́, iṣẹ́ tí ẹni àkọ́kọ́ ti ṣe sílẹ̀ ló ń sọ fún ẹni tó tẹ̀lé e ohun tó kàn. Ikán kan á gbé ìṣù amọ̀ kékeré tó ti fi itọ́ pò, á fi lélẹ̀. Òmíràn tó ń kọjá lọ á gbóòórùn rẹ̀, á gbé tirẹ̀ lé e. Bí ìṣù bá ṣe ń pọ̀ sí i níbì kan ni yóò máa fa àwọn mìíràn wá, títí tí yóò fi di òpó. Bí òpó méjì bá wà nítòsí ara wọn, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orí méjèèjì síra wọn, títí wọn yóò fi pàdé lókè.

Ní kúkúrú, iṣẹ́ ló ń pe iṣẹ́. Èyí kì í ṣe àjèjì sí àgbẹ̀. Bí ebè àkọ́kọ́ bá tọ́, òun ló ń tọ́ èkejì. Ẹni tó bá dé oko àáró lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò nílò kí ẹnì kan dúró ṣàlàyé fún un. Á wo ibi tí poro dé, á sì bọ́ síbẹ̀. Iṣẹ́ tó hàn sójú gbogbo èèyàn ló ń kó èèyàn jọ, iṣẹ́ tó wà nínú ìwé ẹnì kan ṣoṣo kò lè pe ẹnikẹ́ni.

Ọgbọ́n ikán yìí ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Nílùú Harare, lórílẹ̀-èdè Zimbabwe, ilé ìtajà àti ọ́fíìsì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Eastgate Centre wà, tí wọ́n ṣí ní 1996. Mick Pearce tó ya àwòrán ilé náà wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń gba inú òkìtì ikán kọjá, ó sì ṣe ilé náà lọ́nà tí afẹ́fẹ́ òru fi ń tù ú, tí kò fi nílò irú ẹ̀rọ amúlétutù tí àwọn ilé gíga mìíràn gbójú lé.

Ikán lo ní ilé, olú lo ní ìdáná

Ohun kejì tí òkìtì ọ̀gán ń kọ́ni ni pé ẹni tí kò jọni ló yẹ kéèyàn bá ṣe. Igi gbígbẹ àti koríko tí Macrotermes ń kó wọlé kì í dà nínú rẹ̀ dáadáa. Nítorí náà, wọ́n á gé e jẹ, á gba inú wọn kọjá, wọ́n á sì fi ìgbẹ́ rẹ̀ mọ ohun kan tó rí bí afárá nínú ilẹ̀. Orí afárá yìí ni irú olú kan ń hù sí. Olú yìí ló ń bá wọn sọ igi líle di oúnjẹ. Ikán náà ló ń fún olú ní ilé, ọ̀rinrin àti ìmọ́tótó, nítorí olú yìí kò lè dá wà láìsí ikán.

Nígbà òjò, olú náà a yọ orí jáde lára òkìtì tàbí lẹ́bàá rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń ti oko bọ̀ mọ̀ ọ́n, wọ́n á já a wálé fún ọbẹ̀. B. A. Oso, onímọ̀ nípa olú ní Yunifásítì Ìbàdàn, kọ̀wé ní 1975 nípa oríṣiríṣi olú tí àwọn Yorùbá mọ̀ àti ohun tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe. Nínú wọn ni àwọn tó ń hù nínú ilé ikán wà.

Àgbẹ̀ pàápàá ti mọ irú àjọṣe yìí nínú oko rẹ̀. Ẹni tó bá gbin kòkó á kọ́kọ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà sí i, kí ó lè fi òjìji bo ọmọ kòkó. Ẹni tó gbin àgbàdo a máa fi ẹ̀wà sí àárín rẹ̀, ẹ̀wà á sì fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú ilẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi kòkó ṣe òjìji fún kòkó. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kó rí nínú ẹgbẹ́. Bí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá jẹ́ arúgbó tó mọ ilẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò lágbára, tàbí kí gbogbo wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó lágbára ṣùgbọ́n tí kò mọ ìgbà òjò, iṣẹ́ kò ní í lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Bí oyin ṣe ń ṣèpàdé

Bí ilé oyin bá kún jù, ìyá oyin àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ á jáde, wọ́n á so rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi bí irùngbọ̀n. Níbẹ̀ ni wọ́n á wà fún wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ mélòó kan. Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni: bí wọ́n bá yan ihò tí òjò ń wọ̀ tàbí èyí tí kò gba oyin wọn, gbogbo agbo lè parun. Ta ni yóò yan ilé? Kì í ṣe ìyá oyin. Kò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá.

Àwọn alámì bí ọgọ́rùn-ún mélòó kan ló ń fò lọ wá ihò. Ẹni tó bá rí èyí tó dára á padà wá jó lórí ara agbo. Ijó yìí ló ń sọ apá ibi tí ihò náà wà àti bí ó ṣe jìnnà sí. Karl von Frisch ló túmọ̀ ijó oyin fún aráyé, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1973. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Martin Lindauer, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ agbo oyin tó ń wá ilé ní 1949 ní Jámánì. Thomas Seeley ti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà, ó sì kó o jọ sínú ìwé kan tó jáde ní 2010.

Ohun tí wọ́n rí ni èyí. Oyin tó bá rí ijó oyin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í kàn gbà á gbọ́. Á fò lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, á wọ inú ihò náà, á yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn nìkan ni yóò padà wá jó tirẹ̀. Ihò tó dára gan-an, ijó rẹ̀ á pẹ́, èyí tí kò dára tó, ijó rẹ̀ á yá tán. Ohun mìíràn tún wà: oyin tó ń jó fún ihò kan kì í jó títí láé. Ijó rẹ̀ á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, títí yóò fi dákẹ́, á sì fi àyè sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. Nígbà tí àwọn alámì tó bá ara wọn pàdé ní ihò kan bá ti pọ̀ tó, wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yanjú. Agbo á gbéra, wọ́n á fò lọ.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìyẹn àti ọ̀pọ̀ ìpàdé ọmọ èèyàn. Nínú ìpàdé tiwa, ẹni tí ohùn rẹ̀ ga jù, tàbí ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù, ló ń mú ọ̀rọ̀ lọ. Àwọn yòókù á ní, "Bí Bàbá ti wí náà ni." Kò sí ẹni tó lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ rà, kò sí ẹni tó lọ béèrè iye tí kòkó ń lọ ní ọjà kejì. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, gbogbo èèyàn á wá sọ pé òun ti mọ̀. Oyin kì í bu ọlá fún ẹnu, ohun tí ojú rí ni wọ́n ń bọlá fún.

Èèrà a máa lọ síbi tí iṣẹ́ ti ń gbọ́

Ẹ̀kọ́ kẹta wà lórí igi. Àwọn èèrà pupa kan wà tó máa ń so ewé tútù pọ̀ ṣe ilé lórí igi obì, kòkó, ọsàn àti máńgòrò. Ẹyọ èèrà kan kò lè tẹ ewé kan kọ. Nítorí náà, wọ́n á tò sí etí ewé, ẹnì kọ̀ọ̀kan á máa fà á níbi tó wà. Bí ewé bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ díẹ̀ níbì kan, àwọn tó wà níbi tí kò tíì tẹ̀ á fi tiwọn sílẹ̀, wọ́n á lọ ràn án lọ́wọ́. Bí àlàfo tó wà láàárín ewé méjì bá jù wọ́n lọ, wọ́n á di ara wọn níbàdí, wọ́n á fi ara ṣe ẹ̀wọ̀n, wọ́n á sì fà á pọ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan á gbé ọmọ wọn tó ṣì wà ní ìdin lẹ́nu, tí wọn yóò máa fi okùn òwú tó ń jáde lẹ́nu ọmọ náà rán ewé méjèèjì mọ́ra.

Àwọn àgbẹ̀ ti ń jẹ èrè àjùmọ̀ṣe yìí tipẹ́. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, àkọsílẹ̀ wà láti nǹkan bí ọdún 304 pé wọ́n ń ta ilé irú èèrà bẹ́ẹ̀ lọ́jà fún àwọn olóko ọsàn, kí èèrà lè máa pa àwọn kòkòrò tó ń ba ọsàn jẹ́. Nítòsí wa níhìn-ín, ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin, Paul Van Mele, Jean-François Vayssières àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ àbájáde iṣẹ́ kan jáde ní 2007. Ó fi hàn pé igi máńgòrò tí èèrà yìí pọ̀ lórí rẹ̀ kì í ní ìdin eṣinṣin nínú èso rẹ̀ tó èyí tí èèrà kò sí. Ẹni tó bá ń ká obì á sọ pé èèrà yìí ń ta èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹni tó bá sun ilé èèrà nínà lórí igi máńgòrò rẹ̀, ó ti lé ọlọ́dẹ tí kò gba owó oṣù.

Ẹ̀kọ́ tó wà nínú ewé tí wọ́n ń fà ni pé kí èèyàn má takú sí tirẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ la ọ̀nà oko mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà lè má rí ọ̀kan parí. Èyí tó bá ti ń gbọ́ ni kí gbogbo ọwọ́ kọ́kọ́ dì mú.

Ìṣirò àáró

Àwọn baba ńlá wa kò ka ìwé Grassé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. N. A. Fádípẹ̀, ọmọ Yorùbá tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ẹ̀kọ́ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá ní Yunifásítì London ní 1939, kọ nípa àáró, ọ̀wẹ̀ àti èsúsú nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé náà kò jáde títí di 1970, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Nínú ọ̀wẹ̀, ẹnì kan tó ní iṣẹ́ ńlá, bíi ilé kíkọ́ tàbí oko àna, ló ń pe èèyàn, á sì fún wọn ní oúnjẹ àti ẹmu. Àáró yàtọ̀. Gbèsè ni: ọjọ́ tí o fi ṣe tèmi ni èmi náà yóò fi ṣe tìrẹ.

Ká ní àgbẹ̀ mẹ́fà wà nínú àáró kan, tí oko ẹnì kọ̀ọ̀kan sì gba iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́fà lọ́wọ́ ẹni kan. Bí olúkúlùkù bá dá ṣe tirẹ̀, wọ́n á parí ní ọjọ́ kẹfà. Bí wọ́n bá ṣe àáró, oko kan ni wọ́n á máa parí lóòjọ́, oko ìkẹyìn á tún parí ní ọjọ́ kẹfà náà ni. Iṣẹ́ ọjọ́ 36 ni lọ́nà méjèèjì. Kí wá ni èrè rẹ̀?

Èrè àkọ́kọ́ ni àsìkò. Odidi oko á parí lóòjọ́, irúgbìn á wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, òjò kan náà á sì mú gbogbo rẹ̀ hù. Ẹni tó ń dá ṣe á rí i pé koríko ti ń hù ní ìbẹ̀rẹ̀ oko kó tó dé ìparí rẹ̀. Èrè kejì ni pé ẹni tó ń dá ṣe kì í sábà parí ní ọjọ́ kẹfà ní òótọ́. Á rẹ̀ ẹ́ ní ọjọ́ kẹta, àlejò á dé ní ọjọ́ kẹrin. Lójú ẹgbẹ́ ẹni, kò sí ẹni tó fẹ́ kí poro tirẹ̀ gbẹ́yìn. Èrè kẹta ni àìsàn. Bí ibà bá dá ọ̀kan nínú wọn dùbúlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ìgbìn, márùn-ún yòókù lè ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ kan lé díẹ̀, kó sì san án padà bí ara rẹ̀ bá yá. Ẹni tó ń dá ṣe, bí ó bá ṣàìsàn, ọdún náà ti lọ.

Ìṣòro kan wà níbẹ̀ o. Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀ lè sá lọ. Ẹni tí tirẹ̀ gbẹ́yìn lè pàdánù òjò. Àwọn àgbà mọ ìdí tí àáró kò fi gbọ́dọ̀ pọ̀ jù: bí wọ́n bá jẹ́ ogún, ìpín ẹni ìkẹyìn á pẹ́ kó tó kàn án, kò sì sí ẹni tí yóò rántí ẹni tí kò wá lánàá. Bí wọ́n bá kéré tí oko wọn sì súnmọ́ra, gbogbo ojú ló ń rí ara wọn. Ẹni tó gbẹ́yìn lọ́dún yìí lè ṣíwájú lọ́dún tó ń bọ̀.

Ta ló ń ṣọ́ olè?

Ojúkòkòrò wà láàárín oyin pàápàá. Òṣìṣẹ́ oyin lè yé ẹyin tirẹ̀ ní kọ̀rọ̀, kí àwọn yòókù máa bá a tọ́ ọmọ. Ní 1989, Francis Ratnieks àti Kirk Visscher tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn òṣìṣẹ́ yòókù ló ń wá ẹyin bẹ́ẹ̀ kàn, tí wọ́n sì ń jẹ ẹ́. Kì í ṣe ìyá oyin ló rán wọn, kò sì sí ọlọ́pàá kan láàárín wọn. Gbogbo ilé ni ọlọ́pàá.

Èsúsú jọ èyí. Iye kan náà ni gbogbo èèyàn ń dá, ọjọ́ kan náà ni wọ́n ń dá a, ojú gbogbo wọn sì ni ẹni tó kàn ti ń kó o. Owó kì í sùn sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. William Bascom, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti ṣe ìwádìí ní Ilé-Ifẹ̀, kọ̀wé lórí èsúsú ní 1952. Àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú sì gbé e dé Trinidad, níbi tí wọ́n ṣì ń pè é ní "susu" títí di òní. Ohun tí kò ní alága tàbí ọ́fíìsì la òkun já, kò kú.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ìjọba fọwọ́ sí gba ọ̀nà mìíràn wá. Àwọn èèyàn 28 ló dá irú rẹ̀ tí aráyé ń wò ṣe àwòkọ́ṣe sílẹ̀ nílùú Rochdale ní England ní 1844. Òfin rẹ̀ dé Nàìjíríà ní 1935, lẹ́yìn ìwádìí tí C. F. Strickland ṣe fún ìjọba amúnisìn. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ilẹ̀ Yorùbá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ rí ànfààní rẹ̀, nítorí wọ́n ń kó kòkó wọn jọ tà. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pàápàá fi ọdún 2012 àti 2025 sọrí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó dára ni. Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń ṣubú kò yàtọ̀: ìwé owó wà lábẹ́ apá ẹnì kan, àwọn yòókù kò mọ̀ ọ́n kà, ojú sì ń tì wọ́n láti béèrè. Níbi tí ojú kò bá tó, ọwọ́ á gùn.

Kì í ṣe gbogbo àtẹ̀lé ló gbọ́n

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rò pé ohun gbogbo tí kòkòrò ń ṣe ló dára. Ìjàlọ a máa rìn lọ́wọ̀ọ́, òórùn ẹni tó wà níwájú ni ẹni ẹ̀yìn ń tẹ̀lé. Irú èèrà bẹ́ẹ̀ kan wà ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ní Guyana, William Beebe rí ọ̀wọ́ wọn kan tó ti ṣìnà, tí ẹni iwájú ti pàdé ẹni ẹ̀yìn. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé àyíká tí wọ́n ń rìn gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 1,200, ó sì ń gba èèrà kan ní wákàtí méjì àti ààbọ̀ láti yí i ká lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ń yí i títí ọ̀pọ̀ wọn fi kú. Kò sí ọ̀lẹ láàárín wọn, kò sí ọ̀dàlẹ̀. Ẹni iwájú ni wọ́n ń tẹ̀lé, kò sì sí ẹni tó gbójú sókè wo ibi tí wọ́n ń lọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín èèrà Guyana àti oyin kò ju èyí lọ: oyin a máa lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ìyàtọ̀ mìíràn sì wà láàárín gbogbo wọn àti èèyàn. Èèrà lè kú fún ilé rẹ̀ láìbéèrè ohunkóhun. Èèyàn ní ọmọ tí yóò lọ sílé ẹ̀kọ́, ó ní àìsàn tí yóò wò. Ẹgbẹ́ tí kò bá pín èrè lọ́nà tí ojú gbogbo èèyàn rí kò lè pẹ́.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé

Kí ni àgbẹ̀ Ọ̀tan Ayégbajú, Ìgbájọ tàbí Ìrèsì lè mú ṣe nínú gbogbo èyí? Kò pọn dandan kí wọ́n dúró de ìjọba. Èèyàn márùn-ún sí mẹ́jọ tí oko wọn múlé gbe ara wọn ti tó. Kí wọ́n pàdé kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, kí wọ́n rìn yí oko ara wọn ká, kí olúkúlùkù fi ojú ara rẹ̀ rí iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, kí wọ́n tó pín ọjọ́. Oko tí koríko fẹ́ẹ́ bò ni kó ṣíwájú, kì í ṣe oko ẹni tó dàgbà jù.

Àgbàlagbà tí kò lè gbé ọkọ́ mọ́ kì í ṣe ẹni àpatì nínú àáró. Ó mọ ilẹ̀, ó lè tọ́jú irúgbìn, ó lè gbọ́ ẹjọ́. Ìyá tó mọ ọjà lè lọ wo iye tí àgbàdo ń lọ kí wọ́n tó tà á. Ọmọ tó wà l'Ékòó náà lè wọ inú rẹ̀: bí ọjọ́ àáró bàbá rẹ̀ bá kò, tí bàbá kò sì lágbára, kó fi owó alágbàṣe ọjọ́ kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, kí ẹnì kan lọ dípò rẹ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fín kòkó tí ẹnì kan kò lè dá rà, èèyàn mẹ́fà lè jọ rà á. Iye tí wọ́n rà á àti ẹni tó kàn láti lò ó ni kí wọ́n kọ sára ògiri níbi tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, kí ọmọ ilé ìwé kan sì máa kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ikán afọ́jú kọ́ ilé tó ju òrùlé lọ nítorí pé olúkúlùkù gbé ìṣù amọ̀ tirẹ̀ síbi tí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ti bá a. Ẹni tó bá kọ ebè àkọ́kọ́ lóko aládùúgbò rẹ̀ lọ́dún yìí, ó ti gbé ìṣù tirẹ̀ lélẹ̀.